Chicago Ni Gúúsù Tiwọn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Àwọn Ẹyẹ Ìparí Ìgbà Ìwọ́wé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ bá wọn wá, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ọ̀gìnnìtìn. Nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ní kí n mú orí ọ̀rọ̀ wá, tí mo ní ẹyẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ẹyẹ wo ló tún kù nílẹ̀ ní oṣù kọkànlá? Ṣé wọn ò tíì lọ tán ni?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ níwájú gbogbo wa, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ewé bá ti ń wọ́, ẹyẹ a máa sá lọ sí gúúsù. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé ibi tí à ń pè ní gúúsù kì í ṣe ibì kan náà fún gbogbo wọn. Ẹyẹ tó pa ọmọ ní Chicago nígbà ooru lè forí lé Florida, Mexico tàbí Brazil. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó pa ọmọ tiẹ̀ létí òkun Arctic, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, níbi tí igi kì í hù, Chicago yìí ni gúúsù tiẹ̀. Ìlú tí àwa ń bú nítorí òtútù, ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ń sá wá kí òtútù má baà pa á. Nítorí náà, oṣù kọkànlá kì í ṣe oṣù òfìfo. Àwọn kan ń jáde lẹ́yìnkùlé, àwọn mìíràn ń wọlé níwájú, àwọn kan sì ń gba orí òrùlé wa kọjá lóru láìdúró. Àlejò ni gbogbo wọn, àwa la sì nílé. Bí a ṣe ń gba àlejò náà ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òtútù. Òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń lé ẹyẹ. Ẹyẹ kékeré kan wà ní àdúgbò wa níbí tí wọ́n ń pè ní black-capped chickadee. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ, síbẹ̀ kì í lọ síbi kankan. Inú yìnyín ló ti ń ṣe ọdún tuntun. Ìyẹ́ ara rẹ̀ tó o láti mú un móoru, bó bá ṣáà ti rí jẹ. Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹyẹ tó ń jẹ hóró èso lè dúró. Ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò kò lè dúró, torí kòkòrò ti wọlẹ̀ tàbí ti kú. Ìdí nìyẹn tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ fi ń tètè lọ. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kúrò ní Illinois. Barn swallow ni wọ́n ń pè é níbí, irú kan náà sì ni pẹ̀lú èyí tó ń ti Yúróòpù wá sí Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n máa ń kóra jọ sùn sára koríko orí òkè ní Ebbaken-Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, tí iye wọn ń ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn ti Chicago kì í ya Áfíríkà rárá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà lọ.

Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú ló ń sọ fún irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ pé àsìkò ti tó. Ooru ìbáà ṣì wà, oúnjẹ ìbáà ṣì pọ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá pamọ́, kò sì ní lè sùn dáadáa lóru mọ́. Àwọn tó ń pẹ́ lọ yàtọ̀ sí èyí. Pẹ́pẹ́yẹ igbó àti ẹyẹ ẹsẹ̀ gígùn, ojú ọjọ́ ni wọ́n ń wò. Bí omi kò bá tíì dì, bí yìnyín kò bá tíì bo àgbàdo tó ṣẹ́kù lóko, wọ́n á dúró. Lọ́jọ́ tí omi bá dì, wọ́n á gbéra. Ìdí nìyẹn tí ìparí ìgbà ìwọ́wé fi máa ń yàtọ̀ lọ́dọọdún, tí ẹni tó fẹ́ rí wọn kò fi lè gbójú lé kàlẹ́ńdà nìkan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Chicago? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Adágún Michigan gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 494 láti àríwá sí gúúsù, ìlú wa sì jókòó sí ìkángun rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù. Ẹyẹ ilẹ̀ tó ń bọ̀ láti Kánádà àti Wisconsin kò fẹ́ sọdá omi gbalasa bẹ́ẹ̀. Tí ó bá dé etí rẹ̀, á máa tọ etí omi náà wá sísàlẹ̀. Àwòdì àti idì tilẹ̀ sá fún omi ju gbogbo wọn lọ, nítorí atẹ́gùn gbígbóná tó ń ti orí ilẹ̀ gòkè ni wọ́n fi ń fò láìju apá, omi tútù kì í sì í gbé irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ sókè. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń fún mọ́ ojú ọ̀nà tóóró kan létí adágún, ojú ọ̀nà náà sì gba àárín Chicago kọjá. Àwọn tó wà lórí omi tí ilẹ̀ mọ́ bá níbẹ̀ á máa wá ibi tí wọ́n á bà sí, igi tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n á sì rọ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú irú igi bẹ́ẹ̀ wà ní Montrose Point, ní apá àríwá ìlú. Ilẹ̀ tó yọrí sínú adágún ni. Nígbà Ogun Tútù (Cold War), àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ń lò ó, ọgbà igi wẹ́wẹ́ kan sì kù níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kó lọ, tí àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ń pè ní Magic Hedge. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ ti lé ní 300. Kì í ṣe igbó ńlá o. Ẹ lè rin ín já kí ẹ tó mu ife tíì kan tán. Ṣùgbọ́n fún ẹyẹ tó ti fò mọ́jú lórí omi, ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni ibùsùn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá gúúsù, Wooded Island nínú Jackson Park kò kéré sí i, ó sì sún mọ́ yín jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó ń wọlé, kíá kíá. Junco ló máa ń ṣíwájú ní oṣù kẹwàá, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú tí ikùn rẹ̀ funfun, tó ń ṣa hóró koríko jẹ lórí ilẹ̀. Inú igbó Kánádà ló ti wá. Àwọn abo wọn máa ń lọ jìnnà sí gúúsù ju àwọn akọ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni American tree sparrow, tó jọ ológoṣẹ́, tó ti etí ilẹ̀ tundra wá, ilẹ̀ òtútù tí igi kì í hù sí. Orí adágún náà, ní oṣù kọkànlá, ẹ ó rí pẹ́pẹ́yẹ igbó oríṣiríṣi: goldeneye, bufflehead, àti merganser ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń jẹ ẹja. Bí orí bá ṣe yín ní ire, ẹ ó rí long-tailed duck, tí ó lè rì dé nǹkan bíi mítà 60 nísàlẹ̀ omi láti wá oúnjẹ. Ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run ni mo ń sọ yìí o!

Ti òwìwí gba àlàyé díẹ̀, nítorí mo mọ ibi tí a ti wá. Nílé wa, tí òwìwí bá ké lórí òrùlé, ọkàn kì í balẹ̀. N kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òwìwí kan wà tó máa ń ti Arctic wá sí etí adágún yìí láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá, snowy owl, funfun báláú, ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bíi pupa inú ẹyin. Ọ̀sán gangan lẹ lè rí i tó jókòó sórí òkúta Montrose tàbí sórí pápá ọkọ̀ òfurufú, torí níbi tí ó ti wá, oòrùn kì í wọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà ooru, ọdẹ ọ̀sán kì í ṣe nǹkan àjèjì sí i. Lọ́dún mìíràn a kì í rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Lọ́dún mìíràn wọ́n á ya wọlé. Èyí tó wáyé láti ìparí 2013 wọ 2014 wà lára èyí tó pọ̀ jù lọ tí ẹnikẹ́ni rántí ní apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn rò pé ebi ló lé wọn wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Eku kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lemming ni oúnjẹ wọn lọ́hùn-ún. Ọdún tí lemming bá pọ̀, òwìwí á pa ọmọ púpọ̀, ọmọ wọ̀nyẹn ló sì ń tú ká wá bá wa. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lórí rẹ̀: ẹ má ṣe sún mọ́ ọn nítorí fọ́tò. Ẹyẹ tó rin ìrìn bẹ́ẹ̀ nílò ìsinmi, gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá sì lé e fò ló ń jó nínú ọ̀rá tó fi ń gbé ara ró.

Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo ni mo láyè láti sọ lónìí, sandhill crane ni n bá sọ. Ẹbí kan náà ni òun àti àgùfọn wa. Ó ga tó nǹkan bíi mítà kan lé díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì tí ó bá nà án ń sún mọ́ mítà méjì, ara rẹ̀ dà bí eérú, iwájú orí rẹ̀ sì pupa. Ọ̀sán ló ń rìn, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń wo ẹyẹ. Kò sì pọn dandan kí ẹ ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Etí yín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gùn débi pé ó ká sínú egungun igbá àyà rẹ̀, ìyẹn ló sọ ohùn rẹ̀ di fèrè tó ń rìn jìnnà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní àárín oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò tútù bá ti kọjá, tí atẹ́gùn àríwá bá ń fẹ́ tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ bọ́ síta. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn kan tó ń dún kọrọrọ láti òkè, ẹ wo ibi tó ga jù tí ojú yín lè dé. Ẹ ó rí wọn, ọgọ́ta, ọgọ́rùn-ún, igba, tí wọ́n ń yí po láti gba atẹ́gùn gbígbóná gòkè, tí wọ́n á sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọrí sí gúúsù.

Ẹ tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohùn mìíràn láàárín ohùn ńlá náà, tín-ín-rín, bí ẹni ń súfèé. Àwọn ọmọ ọdún yẹn nìyẹn. Ọmọ crane kì í dá lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ni yóò mú un dé gúúsù ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀nà tí wọ́n bá mú un gbà náà ni yóò mọ̀. Ti àwọn ẹyẹ kéékèèké kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ warbler, ẹyẹ wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ kòkòrò, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin á dìde lóru láìsí ẹni tó júwe ọ̀nà fún un, á gba ojú ìràwọ̀ àti agbára òòfà ayé, á sì débi tí kò rí rí. Ẹ̀rù iṣẹ́ Olódùmarè máa ń bà mí tí mo bá ro èyí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn crane yìí ti ń sinmi ni Jasper-Pulaski, ní ìpínlẹ̀ Indiana, tí kò tó wákàtí méjì sí wa tí a bá wa mọ́tò. Inú irà tí omi rẹ̀ kò jìn ni wọ́n ń sùn, kí ọ̀tá má baà yọ́ bá wọn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ sí oko àgbàdo. Tí oòrùn bá ń wọ̀, gbogbo wọn á padà. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù kọkànlá, kí ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ ó rí. Lọ́dún mìíràn, iye tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan ti ju 30,000 lọ. Mo sọ iye yẹn nítorí pé ní àwọn ọdún 1930, ìbọn àti gbígbẹ́ irà dànù ti dín wọn kù débi pé ní gbogbo Wisconsin, nǹkan bíi tọkọtaya 25 ló kù. Òfin kọ́kọ́ dáàbò bo ẹyẹ náà, lẹ́yìn náà àwọn kan dá irà padà, àwọn ẹyẹ sì dá ara wọn padà. Àgùfọn tiwa, tó jẹ́ ẹyẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, kò tíì rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ wa. Ó dùn mí láti sọ ọ́.

Ní báyìí mo fẹ́ ká kúrò lójú ọ̀sán bọ́ sí òru, nítorí òru ni ìyà wà.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ kéékèèké, òru ni wọ́n ń rìn. Atẹ́gùn máa ń tutù, kì í sì í ru gùdù. Àṣá ti sùn. Ojú mọmọ á wá ṣẹ́kù fún oúnjẹ. Kò ju wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á gbéra. Rádà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń wo òjò máa ń rí wọn bí àwọsánmà tó ń dìde láti ilẹ̀, Yunifásítì Cornell sì ní ètò kan tó ń jẹ́ BirdCast tó ń fi han ẹnikẹ́ni lórí fóònù pé ẹyẹ mélòó ló ń kọjá lórí àdúgbò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí a ṣe ń sùn, wọ́n ń kọjá. Wọ́n tún ń ké sí ara wọn nínú òkùnkùn, igbe kúkúrú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù.

Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni lórí pápá, òótọ́ ni lórí òkun. Ṣùgbọ́n létí adágún yìí, ọmọ ènìyàn ti ta gíláàsì sójú ọ̀run, ó sì tan iná sí i lẹ́yìn. Iná ń fa ẹyẹ tó ń rìn lóru mọ́ra, pàápàá lóru tí kùrukùru tàbí òjò bá mú kí wọ́n fò nílẹ̀. Wọ́n á máa yí po nínú ìmọ́lẹ̀ náà títí á fi rẹ̀ wọ́n. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gíláàsì náà á gbé àwòrán igi àti ojú ọ̀run wọ̀, ẹyẹ tó ń wá ibi ìsinmi á sì fi gbogbo agbára fò lù ú. Ní 2019, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cornell fi hàn pé nínú gbogbo ìlú ńlá Amẹ́ríkà, Chicago ni iná rẹ̀ léwu jù fún àwọn ẹyẹ arìnrìnàjò, nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé. Ní ọdún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn tí wọ́n fi ẹyẹ Chicago àti Cleveland ṣe fi hàn pé àwọn ẹyẹ tó ń ké sí ara wọn lóru ló ń kú jù. Ẹni tí iná ti mú á ké, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ á sì wá bá a. Ìpè tó yẹ kó kó wọn yọ ló ń kó wọn sínú ewu.

Ilé kan wà tí gbogbo ẹni tó ń wo ẹyẹ níbí mọ̀: Lakeside Center ti McCormick Place, gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tí wọ́n kọ́ sétí adágún ní 1971, tí ara rẹ̀ kún fún gíláàsì. Ní 1978, David Willard, tó ń ṣiṣẹ́ ní Field Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ibẹ̀, gbọ́ pé ẹyẹ ń lu ilé náà kú. Ó rìn lọ wò ó, ó bá òkú ẹyẹ mélòó kan nílẹ̀, ó ṣà wọ́n. Láti ìgbà náà, nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé, òun àti àwọn tó bá a ṣe é kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣà wọ́n, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ Field Museum. Ẹyẹ tó ti ibẹ̀ wá nìkan ti lé ní 40,000. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ òfò ni. Ní 2019, àwọn onímọ̀ mú 70,716 òkú ẹyẹ láti Chicago, irú 52, tí wọ́n ṣà láàárín 1978 sí 2016. Wọ́n rí i pé bí ayé ṣe ń gbóná ni ara ẹyẹ ń kéré sí i: egungun ẹsẹ̀ ti fi ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú, apá sì ti fi ìdá 1.3 gùn sí i. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní 1978 pé ohun tí wọn yóò lò ó fún nìyẹn. Ẹni tó kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ ló fi ẹ̀rí náà lé ayé lọ́wọ́.

Òru tó mú kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ilé náà ni ti 4 sí 5 oṣù kẹwàá, ọdún 2023. Ojú ọjọ́ ti móoru fún ìgbà díẹ̀, atẹ́gùn gúúsù sì ti dí ẹyẹ lọ́nà. Nígbà tó yí sí àríwá, gbogbo àwọn tó ti ń dúró ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò wá rọ̀ lójú ọ̀nà wọn nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó tì wọ́n wálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkú ẹyẹ tí wọ́n ṣà lára ilé kan ṣoṣo yẹn tó nǹkan bí 1,000, palm warbler àti yellow-rumped warbler ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti nǹkan bí ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣà wọ́n níbẹ̀, wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ kí n tẹnu mọ́ nìyí: àwọn ènìyàn ti mọ ohun tó lè dá a dúró. Ìwádìí tó jáde ní 2021, láti ara ilé yìí kan náà, ti fi hàn pé bí wọ́n bá dín fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀ kù dé iye tó kéré jù lọ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ rí, ikú ẹyẹ lè fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nígbà ooru 2024, wọ́n lẹ àmì tótòtó mọ́ gíláàsì Lakeside Center láti ìta, kí ẹyẹ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mílíọ̀nù dọ́là kan ó lé 200,000 ni wọ́n ná. Ní ìgbà ìwọ́wé tó tẹ̀ lé e, ikú ẹyẹ níbẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń tún ohun tí a bà jẹ́ ṣe, n kò mọ èyí tó yá tó báyìí. Crane gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí gba sáà kan.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, kí ló kàn mí, èmi kò ní McCormick Place. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní Matteson, ní South Holland àti káàkiri ibẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Iye ẹyẹ tí gíláàsì ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún wà láàárín mílíọ̀nù 365 sí nǹkan bíi bílíọ̀nù kan. Nínú wọn, àwọn ilé gogoro ààrin ìlú kò pa tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, torí wọn kò pọ̀. Ilé tí ènìyàn ń gbé, tí kò ju àjà mẹ́ta lọ, ló ń pa nǹkan bí ìdá 44. Ẹyọ kan níbí, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹ wo ìdí fèrèsé yín. Bí ẹ bá rí ìyẹ́ tàbí àpá ibi tí ẹyẹ ti lu gíláàsì, ẹ lẹ àmì mọ́ ọn láti ìta, kí àlàfo láàárín àmì kan sí èkejì má ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, kí ó sì kárí gbogbo ojú gíláàsì. Àwòrán àṣá ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ṣe nǹkan kan. Ẹyẹ á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì pa iná tí ẹ kò lò, tàbí kí ẹ fa kọ́tìnì, láti ago mọ́kànlá alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa tí ẹ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wa takisí, ẹ̀yin lẹ wà lójú pópó ní wákàtí tí àwọn ẹyẹ yìí ń ṣubú. Ọ̀pọ̀ yín ti rí wọn lẹ́bàá ilé, ẹ rò pé ológbò ló pa wọ́n. Láti 2003, àwọn kan tí kì í gba owó, Chicago Bird Collision Monitors, ti ń rìn kiri àárín ìlú láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà ìrúwé àti ìwọ́wé, wọ́n ń ṣa òkú fún Field Museum, wọ́n sì ń gbé àwọn tó ṣì wà láàyè lọ fún ìtọ́jú ní DuPage. Wọ́n ń wá ọmọ ogun. N kò tíì rí Yorùbá tó pọ̀ láàárín wọn, mo sì fẹ́ rí i.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú béèrè bóyá lékeléke máa ń dé ibí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ìtàn rẹ̀ ga. Lékeléke tí a fi ń ṣeré nílé nígbà èwe, tí à ń na ìka sí pé kó fún wa ní èékánná funfun, òun ni cattle egret. Kò sí ní Amẹ́ríkà rí. Láàárín 1877 sí 1882, àwọn ènìyàn rí i ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ti fi apá ara rẹ̀ fò sọdá Òkun Àtìláńtíìkì láti Áfíríkà. Ó bá màlúù níbẹ̀, ó bá kòkòrò tí màlúù ń lé dìde nínú koríko, ó dúró. Nígbà tó di 1941, ó ti dé Florida, ní 1953 sì ni wọ́n rí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá tàn ká. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ní ìparí ìgbà ìwọ́wé gan-an, nígbà tí àwọn yòókù ń lọ sí gúúsù, lékeléke mìíràn máa ń ṣìnà gba àríwá, títí dé Kánádà pàápàá. Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni, màmá, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i ní pápá kan níbí ní oṣù kọkànlá, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ pè mí, òtútù ìbáà mú, yìnyín ìbáà já.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní ilé ìwé girama ló béèrè ìkẹyìn. Ó ní tí òun bá rí ẹyẹ tó lu gíláàsì tí kò kú ńkọ́? Mo ní kó fi ọwọ́ rọra gbé e sínú àpò ìwé tó mọ́, kó ká ẹnu àpò náà, kó gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kó má fún un ní omi, kó má fún un ní oúnjẹ, kó má sì máa ṣí i wò. Kó pe Chicago Bird Collision Monitors lójú ẹsẹ̀, torí ẹyẹ tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Ó béèrè bóyá òun lè sìn ín títí ara rẹ̀ á fi yá. Mo ní rárá, òfin ìjọba àpapọ̀ láti 1918 kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti tọ́jú ẹyẹ arìnrìnàjò sílé láìgba ìwé àṣẹ. Ó ní kí n sọ nọ́ńbà àwọn tí òun máa pè fún òun, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ níbẹ̀.